Ta Ló Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀?

Tí ilẹ̀ bá ti ṣú tán ní Okota, ajá ló ni àdúgbò. Ti inú ọgbà wa á kọ́kọ́ gbó, ti ojúlé kejì á dá a lóhùn, kí o tó mọ̀ ọ́n, ariwo náà ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ Ago Palace Way títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí àgbàrá máa ń dúró sí nígbà òjò. Àwọn onílé ń sin Rottweiler àti Boerboel. Àwọn ayálégbé ń dá owó jọ ra ọ̀kan tí gbogbo ilé máa jọ ni. Ekuke, ajá ìbílẹ̀ wa, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wá sùn sẹ́nu géètì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló pé. Ẹni tó tà á ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti pé, ó sì fi káàdì hàn mí. Ọjọ́ kẹsàn-án tó dé ilé, ó kọ oúnjẹ. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti ń bì, ó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé. Parvo ni. Kò sí ẹni tó sin ajá ní Èkó tí kò mọ orúkọ yẹn. Ìyá ojúlé kejì ní kí n fún un ní epo pupa. Ẹ̀gbọ́n kan ní omi àgbọn ni. Ẹlòmíì ní kí n lọ Flagyl, ẹlòmíì ní kí n lọ èédú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ oríṣi mẹ́rin, wọ́n sì fa omi sí i lára. Òru ọjọ́ kẹta ló kú, ó gbé orí lé bàtà mi.

Nígbà tí mo padà lọ bá dókítà náà, mo bi í pé nínú abẹ́rẹ́ mẹ́rin yẹn, èwo gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ó ní gbogbo rẹ̀ lòun fi ń wo parvo, àwọn ajá kan sì ti yè. Mélòó ló yè? Mélòó ló kú? Kò lè sọ. Kò purọ́ fún mi. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá ohun tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ìdánwò oògùn fún ẹranko ilé: ajá, ológbò àti ẹṣin tí àìsàn mú ní tòótọ́, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ olówó wọn, tí dókítà sì ń fi oògùn kan wé èkejì lára wọn. Ohun tí mo rí ti yí ojú tí mo fi ń wo ikú ọmọ ajá mi padà. A ti ń dán oògùn wò lára àwọn ẹranko wa ní Èkó lójoojúmọ́. Oògùn tí wọ́n ṣe fún ajá ilẹ̀ òkèèrè, tàbí fún màlúù, tàbí tí kò tilẹ̀ sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó bá àìsàn náà mu, la ń gún sára ajá Okota. Ìdánwò nìyẹn, ohun yòówù kí a pè é. Àfiwé ni kò sí níbẹ̀, àti àkọsílẹ̀, àti ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ajá. Ìdí nìyẹn tí ikú ajá kan kò fi ń kọ́ wa ní ohun tí a lè fi gba èkejì là.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn tó ń ṣe é dáadáa ṣe ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó mọ parvo kó tó di nǹkan bí 1978, ìgbà tó bẹ́ sílẹ̀ tó sì yí gbogbo ayé ká. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ ọgbà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí oògùn kan pàtó tó kọjú sí i. Omi ara tó ń tán ni wọ́n ń dá padà, wọ́n ń dá èébì dúró, wọ́n sì ń fi oògùn bakitéríà gbé ọmọ ajá ró títí ara rẹ̀ yóò fi jà fún ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá á dá ajá dúró, á sì máa fa omi sínú iṣan rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Owó ibẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado, l'Amẹ́ríkà, àwọn dókítà bi ara wọn pé kí ni ẹni tí kò lówó ìdádúró yóò ṣe. Wọ́n kó ogójì ọmọ ajá tí parvo mú, wọ́n ṣẹ́ kèké lé wọn. 20 gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn ní kíkún. 20 yòókù gba irú ìtọ́jú tí èèyàn lè gbà kó sì máa lọ sílé: omi sábẹ́ awọ, abẹ́rẹ́ èébì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, abẹ́rẹ́ bakitéríà kan ṣoṣo tó ń pẹ́ nínú ara. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2017: nínú 20 àkọ́kọ́, 18 yè, nínú 20 kejì, 16.

Kèké yẹn ni mo fẹ́ kí òǹkàwé tẹjú mọ́. Ká ní dókítà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yàn wọ́n ni, ọmọ ajá olówó ló máa wọ ilé ìwòsàn, ti tálákà ló máa lọ sílé, ti tálákà ló sì ṣeé ṣe kí wọ́n gbé dé nígbà tí àìsàn ti wọra. Ẹni tó bá wá ka iye òkú lẹ́yìn náà á rò pé oògùn ló ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé àpò olówó ajá ló sọ̀rọ̀. Ajá méjì péré ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín 18 àti 16, 20 kò sì pọ̀ tó láti fi búra. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ńlá ni fún ẹni tí wọ́n máa ń sọ fún pé tí kò bá lówó ìdádúró, kó gbé ajá rẹ̀ lọ sílé kó lọ kú.

Ǹjẹ́ ìtọ́jú yẹn á ṣiṣẹ́ ní Okota? Ọmọ ajá tiwa kì í gbé parvo nìkan wá. Aràn wà níkùn rẹ̀, eégbọn wà létí rẹ̀, ooru ń gbẹ omi ara rẹ̀, ọjọ́ kẹta àìsàn la sì máa ń tó gbé e jáde, lẹ́yìn tí epo pupa àti èédú bá ti kùnà. Kò sí ẹni ní Colorado tó máa bá wa dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà yọ̀ǹda fún ilé-iṣẹ́ Elanco láti ta abẹ́rẹ́ tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì parvo fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un. Inú mi dùn sí i. Tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa lónìí, ìbéèrè kan náà la máa bi í.

Ọ̀rọ̀ káàdì tí wọ́n fi hàn mí ńkọ́? Ààbò tí ọmọ ajá mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ máa ń ba ti abẹ́rẹ́ jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìgbà tó sì ń tán lára kálukú kò dọ́gba. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi ní kí a máa tún abẹ́rẹ́ náà gún títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni tèmi. Kò sí bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe lè ti pé.

Ẹranko ti wà níwájú nínú ọ̀rọ̀ ìwòsàn tipẹ́. Ara ajá ni Louis Pasteur ti kọ́kọ́ dán àjẹsára dìgbòlugi wò kó tó gún un fún ọmọdékùnrin kan, Joseph Meister, ní oṣù Keje 1885. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ivermectin. Oògùn aràn ẹranko ni. William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé-iṣẹ́ Merck ṣàkíyèsí pé ó ń pa aràn kékeré kan tó ń gbé inú awọ ẹṣin, aràn yẹn sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí èyí tó ń fa ìfọ́jú etídò fún àwọn èèyàn wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1981, Mohammed Aziz kó oògùn náà lọ sí Dakar, ní Senegal, láti dán an wò lára àwọn aláìsàn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di 1987, Merck ní ọ̀fẹ́ làwọn máa fún gbogbo ẹni tó bá nílò rẹ̀. Àìmọye abúlé nílẹ̀ Yorùbá ló ti gbé e mì, ìyẹn Mectizan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń fi ọ̀pá wọn gíga èèyàn kí wọ́n tó pín. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀lé e ní 2015. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, àwọn baba wa ti wí.

Oògùn kan náà tó gba ojú àwọn èèyàn wa là lè pa ajá. Àwọn ajá Collie máa ń dákú, òmíràn á kú, tí wọ́n bá gba ivermectin ní ìwọ̀n tí ajá mìíràn ń gbà láìsí wàhálà. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Washington rí ìdí rẹ̀: àbùkù kan nínú ohun àjogúnbá wọn ni kì í jẹ́ kí ọpọlọ lé oògùn náà jáde. Àwọn German Shepherd kan ní àbùkù yẹn, irú ajá tó kún Okota báyìí. Ivermectin yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà ní ìsọ̀ oògùn ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń fi ojú wọ̀n gún fún ajá tó ní èékú, tí kò bá ti jẹ́ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú ni wọ́n fi ń pa á lára. Wọ́n ní ajá kan yè, wọ́n sì ní òmíràn "kàn ṣubú ni".

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ibà eégbọn, èyí tó ń sọ ìtọ̀ ajá di pupa bí omi osùn tó sì ń sọ èrìgì rẹ̀ di funfun. Kòkòrò tó ń fà á, Babesia, ní oríṣi mẹ́ta pàtàkì lára ajá. Canis ló wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. Vogeli wà ní gbogbo ilẹ̀ olóoru. Rossi, tó le jù nínú wọn, ti Áfíríkà ni, wọ́n sì ti rí i lára ajá ní Nàìjíríà. Oògùn tí a ń lò fún un jùlọ ni diminazene, tí àwọn ará Jámánì gbé jáde ní 1955, èyí tí màlúù ló pọ̀ jù nínú ẹran tí wọ́n ń tà á fún. Lára ajá, àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń wò sàn àti ìwọ̀n tó ń ba ọpọlọ jẹ́ kò fẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ti rí ajá tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ekuke ló ń yè lẹ́yìn rẹ̀, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún Rottweiler? Inú ìrántí àwọn dókítà wa ni ìdáhùn wà, ìrántí sì máa ń fẹ́ràn àwọn tó yè.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Dìgbòlugi ni ẹ̀tẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń kú nípasẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, Éṣíà àti Áfíríkà ló pọ̀ jù, ajá ló sì ń kó ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ran èèyàn. Tí àmì àìsàn bá ti jáde lára ẹni tí ajá gé jẹ, ó ti parí. Tí a bá sì gún ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú lábẹ́rẹ́, àrùn náà á kú fúnra rẹ̀. Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe abẹ́rẹ́ yìí: ilé ìwádìí ní Vom, ní Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe ti ajá.

Òtútù ló ń yọ wá lẹ́nu. Láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí Celsius ni wọ́n ní kí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi máa gbé títí yóò fi wọ ara ajá. Ta ní Okota ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé fíríìjì òun kò kúrò lórí ìwọ̀n yẹn fún oṣù mẹ́ta? NEPA mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, epo jẹnẹrétọ̀ tán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sì gún ajá lọ́jọ́ Ajé. Dókítà tó lẹ́rìí ọkàn máa da abẹ́rẹ́ náà nù kó sì jẹ gbèsè. Ẹni tí kò lè jẹ gbèsè máa gún un, olówó ajá á sì máa sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò ní ìpìlẹ̀.

Ní Tanzania ni àwọn kan ti gbé ìbéèrè yìí wá sójú ìdánwò. Wọ́n mú abẹ́rẹ́ dìgbòlugi Nobivac, wọ́n fi àwọn kan sínú òtútù bó ṣe yẹ, wọ́n fi àwọn kan sínú ooru fún ìwọ̀n ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n wá gún wọn fún ajá, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá náà wò. Ìwé tó jáde ní 2016 fi hàn pé èyí tó lo oṣù mẹ́fà nínú ìwọ̀n ooru 25, tàbí oṣù mẹ́ta nínú 30, ṣiṣẹ́ lára ajá bí èyí tó wà nínú òtútù. Mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ajá Áfíríkà ló dáhùn ìbéèrè Áfíríkà, ó sì ṣeé ṣe kó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọdé là ní abúlé tí iná kò dé rí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n dán wò yẹn nìkan ni ìwé náà sọ̀rọ̀ lé lórí ṣá; ẹ má ṣe lọ gbé òmíràn sórí tábìlì nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá ti Vom náà lè fara da ooru, àfi kó dán an wò bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Èkó pẹ̀lú ní ìbéèrè kan tó ṣì ń dúró. Ní 1956, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ẹbí dìgbòlugi lára àwọn àdán ní Erékùṣù Èkó. Lagos bat virus ni gbogbo ayé ń pè é dòní. Ní 1968, wọ́n rí èkejì lára asín ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Mokola. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí a ní kì í dáàbò bo ẹranko lọ́wọ́ ti Mọ́kọ́lá. Orúkọ ìlú wa wà lára fáírọ́ọ̀sì méjèèjì, ó sì yẹ kí ó wà lára oògùn wọn náà.

Ti ẹṣin kò pọ̀ ní Okota, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tó rí bí àwọn ìdílé Balógun ṣe ń gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba, kò ní sọ pé ẹṣin ti kúrò lọ́rọ̀ Yorùbá. Àrùn sunrunsunrun ẹranko, tí eṣinṣin igbó ń gbé kiri, wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin ogun Ọ̀yọ́ lè jọba nínú igbó kìjikìji. Òkè Ọya ni wọ́n ti máa ń ra òmíràn rọ́pò àwọn tó bá kú. Èyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń bẹ̀rù jù lónìí ni àrùn ẹṣin Áfíríkà. Kòkòrò kékeré tó kéré ju ẹ̀fọn lọ ló ń gbé e. Ẹṣin á jẹun láàárọ̀, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ fóòmù á máa jáde nímú rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kò ní oògùn, àjẹsára nìkan ló ní, Onderstepoort ní South Africa ló sì ń ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù.

Oríṣi mẹ́sàn-án ni fáírọ́ọ̀sì yìí pín sí. Ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹsàn-án kò sí nínú àjẹsára Onderstepoort. Wọ́n gbà pé ẹ̀kẹjọ á ṣọ́ ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹfà á sì ṣọ́ ẹ̀kẹsàn-án. Ẹ̀kẹsàn-án yìí gan-an ló ti fi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ilé láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan tún kọ̀wé pé oríṣi kejì ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹṣin ní Nàìjíríà. Ẹṣin tó ń sáré ní pápá Polo Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti ń gbá a láti 1904, àti èyí tó ń gbé ọmọdé kiri létí òkun, kí ni abẹ́rẹ́ náà ń ṣe fún wọn ní tòótọ́? Yíyẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin díẹ̀ wò kí a tó gún wọn àti lẹ́yìn tí a bá gún wọn ì bá ti sọ ohun púpọ̀ fún wa. Àwọn tó ni ẹṣin polo lówó rẹ̀ lọ́wọ́.

Tí mo bá ń sọ èyí fún àwọn aládùúgbò, ojú wọn máa ń yí padà ní kété tí mo bá dárúkọ ìdánwò. Wọ́n á ní, "Ṣé bíi ti Kano?" Mi ò lè bá wọn jà. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ ní Kano, ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò níbẹ̀: 100 ọmọ gba Trovan, 100 gba oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn yòókù. Àwọn òbí ní kò sí ẹni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn sọ. Ní 2009, wọ́n fi mílíọ̀nù 75 dọ́là yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Ìpínlẹ̀ Kano. Tí a bá wo iye òkú méjèèjì, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ló di egbò tó wà lára wa dòní. Ajá kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó ń sin ín ló máa sọ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní èdè tó yé e kó tó fọwọ́ sí i: pé kèké ló máa yàn fún un, pé ó lè mú ajá rẹ̀ kúrò nígbà tó bá wù ú, pé wọn kò ní tìtorí rẹ̀ fawọ́ ìtọ́jú sẹ́yìn.

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ wa kò jìnnà. Ọ́fíìsì NAFDAC wà ní Ìsọlọ̀ níbí, lẹ́bàá ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá. Òfin tó dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1993 fi ọ̀rọ̀ oògùn sí i lọ́wọ́, ó sì ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ti ẹranko. Òfin 1969 ló fún ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ẹranko láṣẹ. Ìbàdàn ti ń kọ́ dókítà ẹranko láti 1963, Abẹ́òkúta náà ń kọ́ wọn. Ìwé àṣẹ wà, ọpọlọ wà. Ohun tí mò ń wá kò ga tó ilé ńlá. Kí àwọn ilé ìwòsàn ẹranko kéékèèké tó wà láàárín Okota, Ìsọlọ̀ àti Àgo gbà láti máa kọ ohun kan náà fún gbogbo parvo: ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n fún un nílé, ohun tí wọ́n gún un, bó ṣe parí. Lẹ́yìn ọdún kan, kí yunifásítì kan bá wọn kà á. Ìyẹn kò tíì di ìdánwò, nítorí kò sí kèké níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti máa mọ ìbéèrè tó yẹ ká ṣẹ́ kèké lé lórí.

Mo tún ti ń sin ajá. Ekuke ni, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó pé ọ̀sẹ̀ 16, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́. Ó wọn ajá náà. Ó ka nọ́ńbà tó wà lára ìgò abẹ́rẹ́ náà síta, ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan pẹ̀lú ọjọ́ àti ìwọ̀n ara rẹ̀, ó sì kọ bí fíríìjì ṣe tutù tó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló gún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà fóònù yín," ló wí. "Màá pè yín lóṣù tó ń bọ̀, kí n lè kọ bó ṣe ń ṣe síbí."

Àlàfo kan wà létí orúkọ Tanímọ̀la nínú ìwé náà. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i.